Ayé Inú Ìràwọ̀ àti Ayé Ìsàlẹ̀ Èkó: Èrò Kan lórí Ìtàn Òfuurufú ní Èdè Yorùbá

Láàárín àwọn ẹ̀yà ìtàn àròsọ tí ayé òde òní ń kà tí wọ́n sì ń wò, ọ̀kan wà tí àwa olùkọ́ Yorùbá kò tíì kà sí rárá. Ìtàn àwọn ayé tí ó wà láàárín ìràwọ̀ ni. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, òǹkọ̀wé a máa fi èrò inú ara rẹ̀ dá odidi agbo ìràwọ̀ kan sílẹ̀. Yóò pín in sí ẹkùn-ẹkùn. Yóò fi ayé mẹ́wàá tàbí ogún sínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Yóò sọ èyí tí ó jẹ́ olú-ìlú fún wa àti èyí tí ó wà ní bèbè, ọ̀nà tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbà, ọjà tí wọ́n ń ná, ọba tí wọ́n ń sìn àti ọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń dì. Isaac Asimov ṣe é nínú ìwé Foundation tí ó jáde ní 1951. Trantor, ayé tí ilé bò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ni olú-ìlú níbẹ̀. Terminus, ayé tí kò ní àlùmọ́ọ́nì kan tí ó tó nǹkan, ni ó wà ní bèbè. George Lucas náà ṣe é nínú fíìmù Star Wars láti 1977. Àwọn ọmọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ kọ́ mọ orúkọ àwọn ayé wọ̀nyí dáadáa. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá mọ Tatooine ju bí wọ́n ti mọ Ìdúmàgbò lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju mẹ́ta lọ. Irú ìtàn yìí ṣeé kọ ní èdè Yorùbá. Ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá fi ṣe iṣẹ́ àtinúdá nínú kíláàsì. Bí a bá sì ń wá àwòkọ́ṣe fún bí a ṣe ń dá ẹkùn oníayé púpọ̀ sílẹ̀, kò yẹ kí a rìn jìnnà, nítorí Erékùṣù Èkó wà nítòsí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé Fágúnwà ti ṣe gbogbo èyí tán. Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Láti 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde títí di 1961 tí Àdììtú Olódùmarè jáde, ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún ni D. O. Fágúnwà kọ, àwọn ibùdó ìtàn inú wọn kò sì ní àfiwé. Ẹ wo ọ̀nà Òkè Lángbòdó. Àwọn ògbójú ọdẹ wọ̀nyẹn kò kàn ń ti igbó bọ́ sí igbó. Ibùdó dé ibùdó ni wọ́n ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣe tirẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹyẹ níbi tí Ògòǹgò ti jẹ́ ọba, títí dé ilé olójúlé méje ti Ìrágbèje. Bí a bá mú igbó kúrò tí a sì fi òfuurufú rọ́pò rẹ̀, ìhun ìtàn náà kò ní yí padà púpọ̀. Ọdún 1977 kan náà tí Star Wars jáde ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe eré Láńgbòdó, èyí tí Wálé Ògúnyẹmí gbé ka ìwé Fágúnwà, níbi àjọ̀dún FESTAC ní Èkó níhìn-ín. Ẹni tí ó bá wo méjèèjì lọ́dún náà yóò rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n: akọni kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ oníṣẹ́ àrà, ọ̀nà jíjìn, àwọn ẹ̀dá abàmì.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà tí àwọn alátakò kì í mẹ́nu bà. Nínú ìtàn Fágúnwà, ìrìn àjò akọni nìkan ni okùn tí ó so àwọn ibùdó pọ̀. Èdìdàrẹ́, ìlú àwọn òmùgọ̀ tí ó wà nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, wà fún kí a lè rí ìwà òmùgọ̀, kí a rẹ́rìn-ín, kí a sì kọ́gbọ́n. Nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò bá ti kọjá, òǹkàwé kì í tún bèèrè ohun tí ìlú náà ń tà fún aládùúgbò rẹ̀ tàbí ẹni tí ó ń gba owó-orí níbẹ̀. Ẹkùn inú ìràwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ayé inú rẹ̀ mọ ara wọn. Wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n ń jagun, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀. Bí akọni kò tilẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ayé wọn ń lọ. Fágúnwà kọ́ wa bí a ṣe ń dá ayé abàmì kan sílẹ̀. Bí a ṣe ń dá mẹ́wàá tí wọ́n jọ ń gbé pọ̀ sílẹ̀, a ní láti kọ́ ọ níbòmíràn.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. N kò fara mọ́ èrò àwọn tí ń wí pé ọ̀run tí àwọn baba wa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òfuurufú tí ọkọ̀ ń fò lọ lónìí, pé a ti mọ gbogbo rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀run jẹ́ ibi tí a ti wá àti ibi tí à ń padà sí; a kì í fi rọ́kẹ́ẹ̀tì dé ibẹ̀. Ojú sánmà jẹ́ nǹkan mìíràn, àwọn baba wa sì fi ojú lásán wò ó dáadáa. Wọ́n rí àgùàlà, wọ́n sì rí i bí ó ṣe máa ń súnmọ́ òṣùpá tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pòwe pé àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Òwe náà tọ̀nà ju bí ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti mọ̀ lọ. Àgùàlà kì í ṣe ajá ẹnìkan. Odidi ayé ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó tiwa, ooru ojú ilẹ̀ rẹ̀ sì lé ní 450 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, èyí tí ó tó láti yọ́ òjé. Ó ti jẹ́ orúkọ nínú èdè wa tipẹ́tipẹ́, síbẹ̀ n kò tíì ka ìtàn Yorùbá kan tí ẹnikẹ́ni ti gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ó di Èkó wàyí. Ẹni tí ó bá dúró sí Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó sì mọ ìtàn ibẹ̀, yóò mọ ohun tí à ń pè ní ẹkùn oníayé púpọ̀. Erékùṣù náà kò tóbi. Ẹni tí ó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lè rìn ín já láàárín wákàtí díẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ka àwọn tí ó tẹ ibẹ̀ dó. Àwọn Ìdẹ́jọ, ìran Ọlọ́fin, ni onílẹ̀. Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba, dúró lórí ilẹ̀ tí a gbọ́ pé oko ata ni tẹ́lẹ̀, ìran ọba tí ó wà níbẹ̀ sì tan mọ́ Ìbíní. Àwọn onímọ̀ èdè a máa so "Ìdú" tí ó wà nínú Ìdúmọ̀tà àti Ìdúmàgbò mọ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó tí ó túmọ̀ sí àdúgbò, wọ́n sì ń so orúkọ Èkó fúnra rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó tí ó túmọ̀ sí ibùdó. Nígbà tí ó yá, àwọn Sàró dé láti Freetown, wọ́n tẹ̀dó sí Olówógbowó. Àwọn Àgùdà dé láti Bùràsíìlì àti Kúbà, wọ́n ní Pópó Àgùdà, wọ́n kọ́ ilé alárà bí ti Bahia, wọ́n sì ń jẹ frejon, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, ní ọjọ́ Ẹtì Rere. Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ tí wọ́n bá a sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn lu Èkó ní 1851 padà wálé ní 1862, ibi tí wọ́n dó sí ni à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ni ó wà láàárín àdúgbò kan àti èkejì, ṣùgbọ́n oúnjẹ yàtọ̀, aṣọ yàtọ̀, ẹ̀sìn yàtọ̀, ìtàn ẹkún ilé yàtọ̀.

Wọn kò sì gbé ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí àwọn ibùdó Fágúnwà. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Owó ọlọ́rọ̀ Mùsùlùmí kan tí ó ti Sàró wá ni wọ́n fi kọ́ ọ. João Baptista da Costa, ọ̀gá kọ́lékọ́lé láti inú àwọn Àgùdà tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ni ó darí iṣẹ́ náà. Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì wà níbi ìṣíde rẹ̀. Aṣojú Sọ́táànì ilẹ̀ Tọ́kì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, aṣojú ọ̀hún sì jẹ́ aláwọ̀ funfun ará Liverpool tí ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, Abdullah Quilliam. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ irú ìran yìí sínú ìtàn òfuurufú, tí ó kó ará ayé márùn-ún jọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn kan, olùkọ́ lè sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù. Èkó ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún wo ipò Èkó láàárín àwọn ìjọba ńláńlá. Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ bèbè ilẹ̀ ọba Ìbíní, tí àwọn ọba ibẹ̀ ń fi ìṣákọ́lẹ̀ ránṣẹ́. Ní 1861 àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Dòsùnmú, ó di bèbè ìjọba tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kódà, láti 1866 títí di 1874, ọ̀dọ̀ gómìnà àgbà tí ó wà ní Sàró ni àṣẹ ti ń wá sí Èkó. Láti 1874 títí di 1886, láti Gold Coast ni. Ní 1914 ó di olú-ìlú gbogbo Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá 1991 olú-ìlú ṣí lọ sí Àbújá. Bèbè di àárín, àárín sì di nǹkan mìíràn tí a kò tíì rí orúkọ fún. Asimov ní láti ka ìtàn Róòmù kí ó tó lè ro bí ìjọba inú ìràwọ̀ ṣe ń wó. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kò nílò ju kí ó bi ìyá-ìyá rẹ̀ léèrè lọ.

Kò tán síbẹ̀. Ìṣèlú ibẹ̀ kò rọrùn bí ti ọba burúkú kan àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ rere tí ó kún inú àwọn fíìmù wọ̀nyí. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni àwọn olóyè onífìlà funfun: Akárìgbẹ̀rẹ̀, Ìdẹ́jọ, Ògáládé àti Àbàgbọ́n. Ọba ń jọba, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn Ìdẹ́jọ. Nígbà tí ìjọba amúnisìn sì gba ilẹ̀ Àpápá, Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì dá a láre ní 1921. Olóyè láti bèbè ayé, tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí olú-ìlú ìjọba ńlá láti lọ fi òfin àwọn tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ bá wọn jà, tí ó sì borí: èwo nínú àwọn ìtàn òfuurufú ni ó ní àhunpọ̀ tí ó dára ju èyí lọ?

Ti Ẹ̀yọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìga ni ó ní akẹtẹ̀ tirẹ̀ tí a fi ń dá a mọ̀. Ní ọjọ́ Ẹ̀yọ̀, àlejò kò gbọdọ̀ wọ bàtà níbi tí ó ń kọjá, kò gbọdọ̀ mu sìgá, obìnrin kò gbọdọ̀ di ṣùkú. Mo ń pe àkíyèsí àwọn olùkọ́ sí èyí nítorí pé èèwọ̀ ni ọ̀nà tí ó yá jù láti fi ayé kan han òǹkàwé. Òǹkọ̀wé tí kò dáńgájíá yóò fi ojú ìwé mẹ́ta ṣàpèjúwe òkúta àti òṣùpá méjì. Èyí tí ó mọṣẹ́ yóò jẹ́ kí arìnrìn-àjò sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, kí ẹnìkan sì sọ fún un pé kí ó bọ́ bàtà rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni àléébù àwọn ìtàn ilẹ̀ òkèèrè wà, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n má baà kó o mọ́ra. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ojú ọjọ́ kan ṣoṣo ni ayé kan ní. Tatooine jẹ́ aṣálẹ̀, Hoth jẹ́ yìnyín, Endor jẹ́ igbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará ibẹ̀: gbogbo wọn jẹ́ jagunjagun, tàbí kí gbogbo wọn jẹ́ oníjìbìtì. Fágúnwà ní ìdí láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Èdìdàrẹ́, nítorí àwàdà àti ẹ̀kọ́ ni ó ń wá. Àwọn wọ̀nyí kò ní ìdí kankan ju pé ó rọrùn lọ. Èmi rò pé ẹni tí ó bá dàgbà sí àdúgbò tí Sàró, Àgùdà, Àwórì, Tápà àti ọmọ Ìjẹ̀bú jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan kò lè kọ irú ayé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé ohun tí ó mọ̀.

Àwọn ọmọ wa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, bí kò bá tilẹ̀ ṣe ní èdè wa. Tádé Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ Rosewater ní 2016 nípa ìlú Nàìjíríà kan tí ó dìde yí ibùgbé ẹ̀dá òfuurufú ká. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Nnedi Okorafor, tí ó jẹ́ ọmọ Ìgbò, mú àwọn àjèjì gúnlẹ̀ sí etí òkun Èkó nínú Lagoon ní 2014. Ní 2024 ilé iṣẹ́ Disney àti àwọn ọ̀dọ́ ilé iṣẹ́ Kugali gbé eré alááwòrán kan jáde lórí Èkó ọjọ́ iwájú, Ìwájú sì ni orúkọ rẹ̀. Inú mi dùn sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ eré náà nìkan ni ó jẹ́ Yorùbá pátápátá; Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbupọ̀n Yorùbá níhìn-ín lọ́hùn-ún. Erékùṣù tí ó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti olówó. Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ìyá arúgbó ti ń ta àkàrà lábẹ́ ilé Àgùdà tí ó ti ń wó, kì í sábà sí nínú ọjọ́ iwájú tí àwọn ènìyàn ń yà.

Ọ̀ràn èdè yìí ni ó dùn mí jù. Nínú fíìmù Star Wars tí ó jáde ní 1983, ẹ̀dá àjèjì kan wà tí ó ń wa ọkọ̀. Ohùn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà kan ni wọ́n lò fún un, èdè ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì sọ. Létí àwọn ará Amẹ́ríkà, ariwo àjèjì lásán ni. Nígbà tí John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, wá di ọ̀kan nínú àwọn akọni ìtàn náà ní 2015, ojú wa wọ inú ìràwọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹnu sì ń sọ. A ti jẹ́ ariwo, a ti jẹ́ ojú. A kò tíì jẹ́ ẹni tí ń sọ ìtàn náà.

Wọn a ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Èdè-Ìperí Yorùbá kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ lójoojúmọ́ mọ̀ pé a máa ń rí ọ̀rọ̀ nígbà tí a bá jókòó wá a. Bábátúndé Fáfúnwá, tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó, ni ó darí ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà kì í ṣe tiwa níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, ta ni yóò tún sọ pé àlejò ni? Èkó kan náà ni I. B. Thomas ti kọ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 sí 1930, ìtàn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ìlú tí a ti bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun rí lè tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Àkókò kò sì dúró dè wá. Ní 2018 òfin ìpínlẹ̀ Èkó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025 ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ìlànà ọ̀hún. Ohun tí ó kù fún wa ni wákàtí díẹ̀ tí ó jẹ́ ti Yorùbá lórí tábìlì ìṣètò iṣẹ́. Bí a bá lo gbogbo rẹ̀ fún ohun tí ó ti kọjá nìkan, ọmọ yóò gbà pé èdè àná ni Yorùbá, yóò sì lọ ro ọ̀la rẹ̀ ní èdè mìíràn. N kò sọ pé kí a pa ewì àti àṣà tì. Mo ń sọ pé kí ọ̀la náà ní àyè nínú wákàtí yẹn.

Bí a ṣe lè ṣe é kò le. Èmi a máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ayé mẹ́fà láti dá sílẹ̀, àwọn mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Kí wọ́n tó kọ ìtàn rárá, wọn yóò dáhùn: ta ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ta ni ó dé lẹ́yìn, kí ni wọ́n bá ara wọn jà lé lórí? Kí ni ayé yìí ń rà lọ́wọ́ èyí tí ó súnmọ́ ọn? Báwo ni ọmọdé ṣe ń kí àgbà níbẹ̀, àti ní ibi tí ara kò ti ní ìwúwo, báwo ni wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀? (Ìbéèrè yìí ti dá ariwo sílẹ̀ nínú kíláàsì ju gbogbo ẹ̀kọ́ gírámà mi lọ.) Kí ni èèwọ̀ wọn? Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè oríkì. Ìlú Yorùbá kan kì í wà láìní oríkì, nítorí náà ayé tí a bá fi Yorùbá dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, ó kéré tán ìlà mẹ́wàá, nínú èyí tí a ó ti gbọ́ iṣẹ́ wọn, ogun wọn, oúnjẹ wọn àti ohun tí ó ń ti wọ́n lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pe ayé rẹ̀ ní Zorton, n kì í gé máàkì rẹ̀. Mo kàn máa ń ní kí ó dìde, kí ó ki Zorton fún wa. Ìgbà tí ó bá ń wá bí yóò ṣe kì í ni ó máa ń yí orúkọ náà padà fúnra rẹ̀.